Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Bí A Ṣe Ń Di Aṣáájú, Bí A Sì Ṣe Ń Tọ́ Ẹni Tí Yóò Gbapò Wa

 

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń di aṣáájú rere, àti bí ó ṣe ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ wà níbí, nítorí náà, mo tọrọ ààyè. Ohun tí mo ní kò ju ohun tí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kọ́ mi, àti ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn àwọn tó ti ṣáájú wa.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya. Ní ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ọkọ̀ ti ń dé Kánò. Akọ̀wé wà nínú àwọn tó bá a wá, oníṣòwò wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọn kò ti ní ìyekan, ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìyekan. Ẹgbẹ́ ló ń bá wọn sin òkú, ẹgbẹ́ ló ń bá wọn gbé ìyàwó, òun ló ń parí ìjà láàrin tọkọtaya, òun náà ló ń dá owó iléèwé fún ọmọ ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún.

Ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni ẹgbẹ́ yìí. Ẹ wá wo àyíká yín nísinsìnyí. Ẹ ka orí funfun tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ sì ka orí dúdú. Ẹ ó rí i pé ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe àròsọ. Àwọn ọmọ wa kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Àbújá, àwọn kan ti rékọjá òkun. Àwọn tó kù ní Kàdúná níbí ń sọ pé ìpàdé àwọn àgbàlagbà ni ìpàdé wa. Nígbà tí a bá sì dìbò, àwọn orúkọ kan náà ni à ń pè. Akápò tó wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, bí orí bá fọ́ ọ lọ́la, ta ni yóò ṣí ìwé owó?

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá ń kú kó tó bí ọmọ. Nígbà tó ṣì ń so lọ́wọ́ ni ọmọ ti ń yọ ní ìdí rẹ̀.

Àwa tí a wà ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000 mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà, fóònù alágbèéká tí gbogbo wa ń tẹ̀ lónìí kò tí ì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Akọ̀wé tó wà nípò nígbà náà ní ìwé kan tó kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí, ní àdúgbò dé àdúgbò, ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú iye ọmọ tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bàbá yìí kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n fún bí ọdún méjì ló ti ń mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání bó bá ń lọ kí àwọn ènìyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló mọ ibi tí ìwé wà. Òun ló mọ ilé tí opó tó ní ọmọ mẹ́rin ń gbé, òun ló mọ ẹni tó ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe kó àwọn ìdílé kan jáde lọ sí bárékè nìyẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé inú orí bàbá nìkan ni ohun tó mọ̀ wà, ẹ̀yin náà ẹ ro ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá já sí.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ àga ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ ni.

2. Ta ni aṣáájú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá jókòó sórí àga ńlá ni aṣáájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè wà lórí àga kó má ṣáájú ẹnikẹ́ni. Aṣáájú ni ẹni tó mọ ibi tí à ń lọ, tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn, tó sì ń ṣètò iṣẹ́ débi pé, bí òun kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà kò ní dí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mi ò sọ ọ́ nítorí òṣèlú o. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú oríṣiríṣi ló wà níbí. Ìwà aṣáájú ni mo fẹ́ kí a wò. Gbogbo wa mọ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rántí ni pé olùkọ́ kan, Olóyè Adékúnlé Ajásin, ló kọ ìwé àbá tí ẹgbẹ́ wọn fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà. Aṣáájú kò sọ pé òun nìkan ni òun ní ọpọlọ. Ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́, ó gbé iṣẹ́ fún un, ó sì lo ohun tó mú wá.

Ní ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba pàápàá, a ní Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tó jẹ́ Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọdún 1962, wọ́n rán an lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ọ́fíìsì kò sì kú. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ mínúùtì sínú fáìlì, bí wọ́n ṣe ń sọ òtítọ́ fún mínísítà láìṣe àfojúdi, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀. Ní ọdún 1979, ó díje fún ipò ààrẹ, kò wọlé. Lójú ẹni tó ń fi àga wọn aṣáájú, ó ti pòfo nìyẹn. Ṣùgbọ́n márùn-ún nínú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló di gómìnà lọ́dún kan náà: Ajásin ní Oǹdó, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, Lateef Jákàńdè ní Èkó, Ambrose Alli ní Bendel. Jákàńdè ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀gá kò rí àyè ṣe fún gbogbo Nàìjíríà, àwọn wọ̀nyí ṣe é ní ìpínlẹ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí aṣáájú kan ṣe tóbi tó, ẹ má wo àga tó jókòó lé nìkan, ẹ wo àwọn tó tọ́.

3. Ta ni atọ́nisọ́nà?

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní mentor kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tuntun á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, á máa jó áyọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà, á máa ran bọ́tìnì, á máa ká etí aṣọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ kó gé aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n bó bá yá, ọ̀gá á fi ẹ̀fun fa ìlà sórí aṣọ, á ní, “Gé e, mo ń wò ọ́.” Bó bá di ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á pe òbí, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì yọ̀ǹda rẹ̀ kó lọ dá dúró. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ a máa fi iye ọmọ tí wọ́n ti yọ̀ǹda yangàn. Àwa tí a kàwé, iye ọdún tí a lò lórí àga ni à ń fi yangàn. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló pé nínú méjèèjì?

Ẹ sì wo àwọn ìyá wa. Ní Abẹ́òkúta, Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914. Ó lè fi ìwé tó kà ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, láàrin ọdún 1940 sí 1950, ó ṣí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì jókòó ti obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, wọ́n jọ di ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1946. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin dójú ẹ̀, àwọn ìyá wọ̀nyí ló jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ọba fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé ìyá yìí kò kàn ṣe agbẹnusọ fún wọn lásán. Ó kọ́ wọn débi tí àwọn náà fi lè sọ̀rọ̀. Bí atọ́nisọ́nà ṣe yàtọ̀ sí olóore nìyẹn. Olóore á fún ọ lẹ́ja jẹ. Atọ́nisọ́nà á mú ọ dání lọ sódò, á sì fún ọ ní àwọ̀n dì mú.

4. Bí a ṣe ń ṣe é

Ní ọdún tí mo wọ iṣẹ́ ìjọba, mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í da lẹ́tà tí mo bá kọ nù. Á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, “Òfin wo lo rí èyí nínú rẹ̀?” Á dá a padà fún mi. Ìgbà mìíràn wà tí lẹ́tà kan á lọ, á bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Inú mi a máa bí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́tà mi ń jáde láìsí ìlà pupa kankan. Bàbá náà kò pariwo lé mi lórí rí, kò sì bá mi kọ lẹ́tà náà rí.

Mo tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn tó jẹ́ pé inú kábọ́ọ̀dù tirẹ̀ ni fáìlì pàtàkì máa ń wà, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lápò rẹ̀. Ó mọṣẹ́ púpọ̀. Bí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀, á ní, “Fi í sílẹ̀, mo ń bọ̀ wá ṣe é.” Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n ṣe àríyá, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn. Láti ọjọ́ kejì, oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi wá ìwé àdéhùn kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n ń retí owó wọn lórí àdéhùn náà ló jìyà rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Láti ara àwọn méjèèjì ni mo ti kọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ akápò ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀.

Èkíní, ẹ jẹ́ kó wò yín. Bí ẹ bá ń lọ sí báǹkì, ẹ mú ọ̀dọ́ kan dání. Kó rí bí ẹ ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, bí ẹ ṣe ń tọ́jú rìsíìtì.

Èkejì, ẹ jọ ṣe é. Ní òpin oṣù, ẹ pín iṣẹ́ náà: kó ka owó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin ka owó.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín. Kó dìde níwájú ìpàdé, kó ka ìṣirò owó. Bó bá ṣi í kà, ẹ má já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá délé, kí ẹ pè é, kí ẹ fi ibi tó ti ṣìṣe hàn án. Ẹni tí a bá dójú tì ní gbangba kò ní dìde sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ kó dá a ṣe, kó wá jábọ̀. Ibí ló ti ń ṣòro fún àwa àgbà jù. Ọwọ́ wa á máa yún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò tí ì fi iṣẹ́ kọ́ni.

5. Ohun tí títọ́nisọ́nà kì í ṣe

Kì í ṣe gbígba ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ tí ẹ ń rán lọ fọ mọ́tò lójoojúmọ́, tí ẹ kò ṣàlàyé nǹkan kan fún, ẹ kò tọ́ ọ, ẹ ń lò ó ni.

Kì í ṣe pínpín owó. Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé atọ́nisọ́nà ni ẹni tí àwọn á máa tẹ̀ láago bí dátà bá tán. Bí ìrànlọ́wọ́ bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti orúkọ rere ni olórí ohun tí a fẹ́ fún wọn.

Kì í ṣe fún ọmọ bíbí inú wa nìkan. Bí ọmọ ààrẹ bá di akọ̀wé, tí ọmọ akọ̀wé di akápò, a kò tọ́ aṣáájú, oyè ìdílé ni a fi jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀: bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni ọkùnrin àgbà ń tọ́, kó jẹ́ ní gbangba. Kí òbí rẹ̀ mọ̀, kó jẹ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tàbí níbi tí ojú ti lè tó o. Ó sì dára kí àwọn ìyá wa tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ olùkọ́ àti òwò ńlá jáde wá tọ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí. Ìmọ̀ wọn pọ̀, a kì í sì í pè wọ́n bó ti yẹ.

6. Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ nílò wa, àwa náà nílò yín. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ kù láti 40 sí 35, ó sì dín ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti ilé aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25. Òfin ti ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ni bí a ṣe ń darí ìpàdé ènìyàn ogójì tí inú ń bí. Inú ẹgbẹ́ bí èyí ni a ti ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ kékeré, ẹ má gbé owó ìjọba ìbílẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ máa tètè dé. Ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ máa pa àṣírí mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilé àwọn ènìyàn ni ẹ ó máa gbọ́. Bí ẹ bá sì mọ ohun tí àwa kò mọ̀, bíi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sùúrù kọ́ wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

7. Àbá mi

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sínú ìwé yìí. Mo gbé àbá mẹ́rin kalẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀.

Kí olóyè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igbákejì tí kò tó ogójì ọdún, tí yóò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Kí olóyè tó bá ń lọ kọ ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀: ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé báǹkì wà, gbèsè tó wà nílẹ̀, àti ìlérí tí a ti ṣe fún ẹnikẹ́ni. Kó fà á lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ níwájú ìpàdé.

Kí ọ̀dọ́ kan darí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí Ààrẹ jókòó tì í.

Kí a tún ìwé orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ọmọ ẹgbẹ́ ṣe, irú èyí tó gba àwọn ènìyàn là ní ọdún 2000, kó sì wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó ń lé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba tí mo sìn kò jẹ́ kí n dúró kọjá ìgbà mi. Ó ní bí mo bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí bí mo bá lo ọdún 35, kí n gbé fáìlì kalẹ̀. Ẹgbẹ́ kò ní irú òfin yẹn fún wa. Ọwọ́ ara wa ló kù tí a ó fi ṣe é, nígbà tí ojú wa ṣì ríran, tí ẹnu wa sì lè ṣàlàyé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa fa iṣẹ́ lé ọmọ wa lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe parun.